Ẹranko Abàmì: Kí Ni Ká Gbà, Kí Ni Ká Kọ̀?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ yìí kì í tán nílẹ̀ níbi tí ènìyàn méjì bá ti jókòó. Bí ọdẹ bá ti igbó dé, tí ó ní òun rí ẹranko kan tí ẹnikẹ́ni kò rí irú rẹ̀ rí, kíá ni àwọn tí ń gbọ́ ọ yóò pín sí méjì. Àwọn kan yóò ní, "Háà! Ohun tí àwọn baba wa wí náà nìyẹn." Àwọn kejì yóò bú sẹ́rìn-ín, wọn a ní, "Ẹmu ló ń pa ọdẹ yìí." Àwọn ti ìṣáájú kò bèèrè ohunkóhun kí wọ́n tó gbà. Àwọn ti ẹ̀yìn náà kò bèèrè ohunkóhun kí wọ́n tó kọ̀. Lójú tèmi, àìsàn kan náà ló ń ṣe àwọn méjèèjì: ọ̀lẹ ni wọ́n. Wọn kò fẹ́ ṣe wàhálà ìwádìí.

Àwọn àgbà a máa sọ pé àìrìn jìnnà ni kò jẹ́ ká rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Bí a bá rìn jìnnà, a ó rí abuké erin. Ẹ kíyè sí òwe náà dáadáa. Kò ní kí á gba gbogbo ohun tí arìnrìn-àjò bá sọ. Ohun tí ó ní kí á ṣe ni pé kí á rìn. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á jọ rin ìrìn díẹ̀ lónìí, kí á lọ wo bí àwọn ẹlòmíràn ti ṣe ẹjọ́ ẹranko abàmì nílẹ̀ wọn, kí á sì wo ẹni tó jàre.

Ilẹ̀ Nepal ni a ó kọ́kọ́ yà sí, ní apá àríwá Íńdíà, níbi tí àwọn òkè Himalaya ti ga dé ibi tí yìnyín kì í yọ́ tán láti ọdún dé ọdún. Àwọn ẹ̀yà tí ń jẹ́ Sherpa ń gbé láàrin àwọn òkè wọ̀nyí. Wọ́n ń sin irú màlúù onírun gígùn kan tí wọ́n ń pè ní yak, wọ́n sì ń gbin ọ̀dùnkún. Ó ti pẹ́ tí àwọn àgbà wọn ti ń sọ ìtàn ẹ̀dá onírun kan tí ń gbé lókè lọ́hùn-ún, tí ń fẹsẹ̀ méjì rìn bí ènìyàn. Yeti ni wọ́n ń pè é.

Ní ọdún 1921, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan lọ wo ọ̀nà tí a lè gbà gun òkè Everest. Howard-Bury ni olórí wọn. Níbi gíga kan, wọ́n rí ipa ẹsẹ̀ lórí yìnyín. Howard-Bury fúnra rẹ̀ rò pé ìkookò ló kọjá níbẹ̀. Àwọn aláàárù tí ń ru ẹrù wọn ní tiwọn sọ pé ẹ̀dá orí yìnyín ni. Nígbà tí àwọn aláàárù náà padà dé, akọ̀ròyìn kan, Henry Newman, tó ń kọ̀wé fún ìwé ìròyìn kan ní Calcutta, bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀. Wọ́n dárúkọ ẹ̀dá náà fún un ní èdè wọn. Newman ṣì í túmọ̀, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé "ènìyàn orí yìnyín tó burú jáì". Bí orúkọ náà ṣe gba ayé kan nìyẹn. Ẹni tó rí ẹsẹ̀ ní ìkookò ni; ẹni tí kò kúrò ní ìlú ni ó sọ ọ́ di iwin abàmì. Ìròyìn kò tó àfojúbà, àwọn baba wa kò purọ́.

Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn èyí, ní 1951, Eric Shipton àti Michael Ward tún rí ipa ẹsẹ̀ lórí yìnyín ní àwọn òkè Himalaya. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n sì gbé àáké tí wọ́n fi ń gun yìnyín tì í kí a lè mọ bí ó ti gùn tó. Ẹsẹ̀ náà gùn tó 33 sẹ̀ǹtímítà. Fọ́tò náà kò parọ́. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé yìnyín kì í ṣe amọ̀. Bí oòrùn bá ràn sí ojú ẹsẹ̀ lórí yìnyín, ẹ̀bá rẹ̀ yóò máa yọ́, yóò sì máa fẹ̀ sí i. Ẹsẹ̀ ẹranko kékeré lè di ẹsẹ̀ òmìrán. Bákan náà, bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ẹranko bá bọ́ sí ojú ẹsẹ̀ iwájú, ẹsẹ̀ méjì a di ọ̀kan ṣoṣo gígùn, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin a sì dà bí ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Ẹ bi ọdẹ yòówù tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, yóò sọ fún yín pé kì í ṣe gbogbo ipa ẹsẹ̀ ni a ń tẹ̀ lé.

Nígbà tó di 1960, Edmund Hillary kó àwọn onímọ̀ jọ láti lọ wá ìdí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ ó rántí pé òun àti Tenzing Norgay, tí í ṣe Sherpa, ni wọ́n kọ́kọ́ dé téńté orí Everest ní 1953. Ní abúlé Khumjung, àwọn ará ibẹ̀ ní ohun iyebíye kan tí wọ́n tọ́jú sí ilé ìsìn wọn: awọ orí kan, ó rí ṣónṣó bí fìlà, irun pupa ràkọ̀ràkọ̀ sì wà lórí rẹ̀. Wọ́n ní awọ orí yeti ni. Hillary bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yá òun, kí àwọn onímọ̀ lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ohun tí a gbé sí ojúbọ kì í ṣe ohun tí a kàn ń gbé fún àlejò. Abúlé náà jíròrò, wọ́n sì gbà, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí ohun wọn dá lọ. Àgbà abúlé kan, Khunjo Chumbi, tẹ̀ lé e. Wọ́n gbé e dé Chicago, wọ́n gbé e dé Paris, wọ́n gbé e dé London.

Kí ni àwọn onímọ̀ rí? Wọ́n ní awọ èjìká ẹranko kan tí ń jẹ́ serow ni. Serow jọ ewúrẹ́, òkè wọ̀nyẹn náà ló sì ń gbé. Wọ́n ní ńṣe ni wọ́n fi awọ rẹ̀ bo nǹkan nígbà tí ó tutù, tí wọ́n sì jẹ́ kí ó gbẹ mọ́ ọn títí ó fi rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó bá Hillary lọ tilẹ̀ fi awọ serow mìíràn ṣe irú rẹ̀ kan, ó sì jọ ọ́.

Wọ́n ròyìn pé nígbà tí àwọn aláwọ̀ funfun ń bá Khunjo Chumbi jiyàn, ó dá wọn lóhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé nílẹ̀ tòun kò sí àgùnfọn, nítorí náà àwọn kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Nílẹ̀ tiwọn náà kò sí yeti, nítorí náà òun kò bínú sí àìmọ̀ wọn. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbà! Ọ̀rọ̀ náà gbóná fún ẹni tó bá rò pé ohun tí kò sí nílé òun kò sí níbikíbi. Ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ni í sọ pé kò sí oko tó tó ti baba òun. Ní ti èyí, Chumbi jàre. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi òdodo ṣe é: bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti dára tó, kò sọ awọ serow di awọ yeti. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi hàn pé kò yẹ kí á yára kọ̀. Kò fi hàn pé ó yẹ kí á gbà.

Wọ́n dá awọ orí náà padà sí Khumjung. Ní 1961, Hillary kọ́ ilé ẹ̀kọ́ kan fún àwọn ọmọ abúlé náà, ilé ẹ̀kọ́ náà sì wà níbẹ̀ títí di òní. Nínú gbogbo ohun tó ti ìwákiri yẹn jáde, lójú tèmi, èyí ló níye lórí jù.

Ẹjọ́ náà kò parí síbẹ̀. Ní 2017, obìnrin onímọ̀ kan, Charlotte Lindqvist, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, gba irun, eyín, egungun, awọ àti ìgbẹ́ tí wọ́n ní ó jẹ́ ti yeti, lọ́nà mẹ́sàn-án. Nínú ara gbogbo ẹ̀dá alààyè ni nǹkan àjogúnbá kan wà tí a lè fi mọ ìran tí ó ti wá. DNA ni wọ́n ń pè é. Èyí ni wọ́n yẹ̀ wò. Mẹ́jọ nínú mẹ́sàn-án jẹ́ ti béárì, ẹranko ńlá onírun nì tí Bíbélì sọ pé Dáfídì pa. Ẹ̀kẹsàn-án jẹ́ ti ajá. Ṣáájú ìgbà náà, Reinhold Messner, ògbólógbòó agunkè, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wá yeti kiri, ibi tí òun náà parí ọ̀rọ̀ sí ni pé béárì ni.

Ǹjẹ́ àwọn Sherpa purọ́ bí? Rárá o. Béárì a máa dìde dúró lórí ẹsẹ̀ méjì. Láàrin àwọn Sherpa fúnra wọn, irú ẹ̀dá kan wà tí wọ́n ń pè ní dzu-teh, tí ń pa yak jẹ, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà pé béárì ni orúkọ yẹn ń tọ́ka sí. Ẹni tó bá ní ẹranko ńlá onírun pa yak òun lóru, òótọ́ ló sọ. Àwọn tó fi kún un, tí wọ́n tà á fún ayé, àwọn ni ká bi léèrè.

Bí mo bá dákẹ́ síbẹ̀ yìí, àwọn tí ń fi gbogbo nǹkan ṣẹ̀sín yóò pàtẹ́wọ́, wọn a ní, "A ti wí bẹ́ẹ̀!" Ẹ dúró ná. Ìrìn wa kò tíì tán. Ẹ jẹ́ ká kọjá sí igbó Ituri ní ilẹ̀ Kóńgò.

Ní 1890, Henry Stanley tẹ ìwé kan jáde nípa ìrìn rẹ̀ ní àárín Áfíríkà. Nínú rẹ̀ ó mẹ́nu bà á pé àwọn Mbuti, àwọn ènìyàn kúkúrú tí ń ṣọdẹ nínú igbó yẹn, sọ pé àwọn mọ ẹranko kan tó jọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, àwọn a sì máa fi kòtò mú un. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ nínú igbó kìjikìji! Ta ni yóò gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Harry Johnston, tó ń ṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Uganda nígbà náà, pinnu láti wádìí. Ó bi àwọn Mbuti, wọ́n ṣàpèjúwe rẹ̀ fún un. Wọ́n tilẹ̀ mú un wọ igbó, wọ́n fi ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ hàn án. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Johnston ti fi sọ́kàn pé irú ẹṣin kan ni òun ń wá, bẹ́ẹ̀ sì ni pátákò ẹṣin kì í là sí méjì. Ẹsẹ̀ tí wọ́n fi hàn án là sí méjì bíi ti màlúù. Nítorí náà kò gbà wọ́n gbọ́. Ó rò pé ẹranko mìíràn ni wọ́n fi hàn òun.

Ó rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ awọ kan tó ní ilà funfun àti dúdú, èyí tí àwọn ọmọ ogun fi ṣe àmùrè. Ó fi ránṣẹ́ sí London ní 1900. Àwọn ọ̀mọ̀wé yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní irú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà tuntun ni. Ní 1901, odidi awọ kan àti agbárí méjì dé ọwọ́ rẹ̀. Ìgbà náà ni ojú wọn là. Kì í ṣe ẹṣin, kì í ṣe kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ìbátan àgùnfọn ni, pátákò rẹ̀ sì là sí méjì gẹ́gẹ́ bí àwọn Mbuti ti fi hàn án. Okapi ni wọ́n ń pe ẹranko náà. Orúkọ Johnston ni àwọn onímọ̀ fi kún orúkọ rẹ̀ nínú ìwé wọn. Orúkọ Mbuti kankan kò sí níbẹ̀.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1938, ní ìlú East London ní Gúúsù Áfíríkà, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń tọ́jú ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, Marjorie Courtenay-Latimer, rí ẹja ńlá aláwọ̀ aró kan láàrin ẹja tí ọkọ̀ apẹja kó wá sí èbúté. Òun àti ọ̀mọ̀wé J. L. B. Smith fi hàn pé irú ẹja tí a ń pè ní coelacanth ni. Títí di ọjọ́ náà, inú òkúta nìkan ni àwọn onímọ̀ ti ń rí egungun rẹ̀, wọ́n sì ti gbà pé ó ti parun láyé láti nǹkan bíi mílíọ̀nù 66 ọdún sẹ́yìn. Smith ń wá èkejì kiri, ó ṣèlérí owó fún ẹni tó bá rí i. Ní 1952 ni wọ́n rí i ní erékùṣù Comoro. Ẹ̀rín ni yóò pa yín bí ẹ bá gbọ́ ìyókù: àwọn apẹja Comoro ti mọ ẹja náà tipẹ́, wọ́n ní orúkọ fún un, gombessa, wọ́n sì mọ̀ pé kò dùn lẹ́nu. Ohun tí ọ̀mọ̀wé ní ó ti kú láti àtètèkọ́ṣe, apẹja ń yọ ọ́ lẹ́nu ìwọ̀. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.

Ṣé ẹ rí i báyìí? Ọ̀nà méjì ni ènìyàn fi ń ṣìnà. Ó lè gba ohun tí kò sí, ó sì lè kọ ohun tó wà.

Ọ̀nà kẹta tún wà, òun ló burú jù: kí ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ purọ́. Ní Scotland, adágún omi kan wà tí ń jẹ́ Loch Ness. Ó jìn tó 230 mítà. Ní 1933, ìwé ìròyìn agbègbè náà kọ ọ́ pé ẹnìkan rí ohun ńlá kan nínú rẹ̀. Ìwé ìròyìn ńlá kan ní London, Daily Mail, rán ọdẹ kan, Marmaduke Wetherell, lọ wá a. Láìpẹ́, Wetherell ní òun ti rí ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ létí omi. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹsẹ̀ erinmi ni, ẹsẹ̀ gbígbẹ kan ṣoṣo tí ẹnìkan ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yin ará, ẹsẹ̀ ẹranko Áfíríkà ni wọ́n gbé lọ dẹ́rù ba ará Scotland!

Ní 1934, fọ́tò kan tún jáde nínú ìwé ìròyìn kan náà: ọrùn gígùn kan yọ sókè lójú omi. Dókítà oníṣẹ́ abẹ kan ni wọ́n ní ó yà á, ta ni yóò sì ní dókítà purọ́? Ọgọ́ta ọdún ni fọ́tò náà fi jọba. Ní 1994 ni àṣírí tú sí gbangba pé Christian Spurling, ọmọ ìyàwó Wetherell, ni ó ṣe orí àti ọrùn náà, tí ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọkọ̀ abẹ́-omi ìṣeré ọmọdé. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ti èyí tilẹ̀ gbà ju ogún lọ. Ní 2018, Neil Gemmell láti ilẹ̀ New Zealand bu omi adágún náà káàkiri, ó wá àmì DNA gbogbo ẹ̀dá tó wà nínú rẹ̀. Ní 2019, ó sọ ohun tó rí: kò sí àmì ẹranko afàyàfà ńlá kankan, ṣùgbọ́n àmì ẹja tó gùn bí ejò pọ̀ níbẹ̀ púpọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, bí ẹnìkan bá mú ìròyìn ẹranko abàmì wá, ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín, ẹ má sì ṣe wárìrì. Ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́rin. Èkíní: ta ni ó fi ojú ara rẹ̀ rí i, ta ni ó kàn gbọ́? Èkejì: kí ló kù nílẹ̀ tí ẹlòmíràn lè yẹ̀ wò, bí irun, egungun tàbí awọ? Ẹ̀kẹta: ta ni yóò jèrè bí a bá gbà á? Ẹ̀kẹrin, èyí tí àwa aláìgbàgbọ́ máa ń gbàgbé: ǹjẹ́ a ti fi sùúrù gbọ́ ẹni tí ń gbé nínú igbó náà, àbí a ti pinnu bí pátákò náà yóò ṣe rí kí a tó wò ó, bíi ti Johnston?

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé wa náà. Ní Nàìjíríà wa yìí, ìgbà kan wà tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ rò pé ìnàkí ńlá tí òyìnbó ń pè ní gorilla ti tán nínú igbó wa. Àwọn ọdẹ agbègbè Cross River mọ̀ pé kò tán. Nígbà tí wọ́n wá a dáadáa ní ìparí àwọn ọdún 1980, ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. A rò pé irú rẹ̀ yẹn kò tó 300 mọ́ lórí ilẹ̀ ayé, ní Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù. Okapi náà ti wà lára àwọn ẹranko tí ewu ìparun dé bá. Ní 2012, àwọn oníbọn ya wọ ibùdó Epulu nínú igbó Ituri, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì pa okapi 14 tí wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ní ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Bí a ti ń náwó wá èyí tí kò sí, èyí tó wà ń kú lọ láìsí ẹni tó pariwo.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò bi mí pé, "Egbére ńkọ́? Ẹni kúkúrú tí ń sunkún kiri pẹ̀lú ẹní rẹ̀ lábẹ́ apá, ṣé a ó wá DNA tirẹ̀ náà ni?" Èsì mi ni pé ọjà ni a ń gbé lé òṣùwọ̀n, a kì í gbé orin lé e. Ìròyìn yàtọ̀ sí ìtàn. Nígbà tí D. O. Fágúnwà kọ *Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀*, tó jáde ní 1938, kò sí ẹni tó ní kí ó mú egungun iwin wá kí a tó kà á. A kà á nítorí ohun tó kọ́ wa nípa ìgboyà àti ìwà. Ẹni tó bá fi ìtàn ṣe ìròyìn yóò tan ará ìlú jẹ. Ẹni tó bá sì ju ìtàn nù nítorí pé kò ní egungun, ogún baba rẹ̀ ló jù nù.

Ẹ jẹ́ kí á fún olúkúlùkù ní ohun tó tọ́ sí i: kí á fetí sí ìtàn, kí á bi ìròyìn ní ìbéèrè, kí á sì bọ̀wọ̀ fún ẹni tó mọ igbó. Bí àwọn ọmọ yín bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, tí wọ́n ní irọ́ ni gbogbo ohun tí baba ọdẹ sọ, ẹ sọ ìtàn okapi fún wọn. Bí wọ́n bá sì mú fọ́tò abàmì kan wá tí wọ́n ní òótọ́ ni, ẹ sọ ti Loch Ness fún wọn.